Algae oríṣi mẹ́ta nínú táǹkì ẹja kan ṣoṣo: èwo ni kí n kọ́kọ́ mú?

ẸjaWẹ́wẹ́

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin àgbà olómi. Táǹkì onígíláàsì ni: 80 cm ní gígùn, 35 ní ìbú, 45 ní gíga. Ó ti pé oṣù márùn-ún. Ẹja neon tetra 14 àti ẹja corydoras 6 ló wà níbẹ̀. Ewéko rẹ̀ ni anubias mẹ́ta lórí igi, java fern kan, àti vallisneria díẹ̀ lápá ẹ̀yìn. Iná LED ń tàn láti aago méje àárọ̀ títí di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, fèrèsé sì wà lápá òsì. Mò ń fún wọn lóúnjẹ lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, mo sì ń pààrọ̀ ìdá kan nínú mẹ́rin omi náà lẹ́ẹ̀kan ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mi ò fẹ́ afẹ́fẹ́ CO2 (carbon dioxide) sómi fún ewéko, kò sí ajílẹ̀.

Algae, ìyẹn ohun tó ń hù nínú omi láìjẹ́ pé a gbìn ín, ló ń yọ mí lẹ́nu. Ohun tó ń hù nìyí. Lára gíláàsì iwájú, tóótòòtó aláwọ̀ ewé tó le, kànrìnkàn kò mú un. Létí ewé anubias àti lẹ́nu fílítà, ohun dúdú kan tó rí bí irùngbọ̀n. Lórí yanrìn níwájú, ohun kan bí awọ, àwọ̀ rẹ̀ wà láàárín ewé àti aró, ó sì ń rùn. Bí mo bá nù ún lónìí, á padà kí ọjọ́ márùn-ún tó pé. Oògùn wo ni kí n rà?

Òṣíbàtà

Ẹ fi owó oògùn sápò ná. Ẹ ṣan ọwọ́ yín kí ọṣẹ kankan má ṣẹ́kù lára rẹ̀, ẹ tì í bọ omi, ìka yín ló máa sọ ohun tó wà níbẹ̀.

Ti ara gíláàsì: bí ìka bá nù ún tó kúrò bí ìyẹ̀fun, kò le. Bó bá jẹ́ pé bíléèdì nìkan ló ń ha á, green spot nìyẹn. Iná tó pọ̀ jù ló sábà máa ń mú un wá, ó sì fẹ́ràn ewé tí kì í tètè dàgbà bíi ti anubias. Àwọn kan máa ń rí i nígbà tí phosphate, èròjà kan tí ewéko ń jẹ, bá ti tán nínú omi, nítorí náà ẹ má sọ pé phosphate ni kí ẹ tó wọ̀n ọ́n.

Irùngbọ̀n dúdú: ẹ fà á wò, ewé ló máa ya kí òun tó já. Bí ẹ bá ń ṣiyèméjì, ẹ gé díẹ̀ níbẹ̀, ẹ rẹ ẹ́ sínú spirit tí wọ́n fi ń nu ojú abẹ́rẹ́. Bó bá pọ́n, black beard algae nìyẹn. Ìdílé algae pupa ló ti wá. Spirit ń fọ àwọ̀ ewé ara rẹ̀ dànù, pupa tó wà nísàlẹ̀ a sì hàn.

Ẹ̀kẹta yẹn, ẹ ti ìka bọ etí rẹ̀. Ó máa ká kúrò lórí yanrìn bí ẹní, yóò sì máa rùn bí pọ̀tọ̀pọ́tọ̀ etí odò. Cyanobacteria ni. Bakitéríà ni, kò sí nínú ìdílé àwọn méjì yòókù, ẹ má bá wọn pa á pọ̀.

Ohun tí ẹ lè ṣe lálẹ́ òní ni iná. Wákàtí 11 ti pọ̀ jù fún táǹkì tí anubias àti java fern wà nínú rẹ̀, nítorí ewéko olójìji ni wọ́n, wọn kò lè jẹ ìmọ́lẹ̀ yẹn tán. Èyí tó bá ṣẹ́kù, algae á jẹ ẹ́. Ẹ fi táímà sí i, wákàtí 6, àkókò kan náà lójoojúmọ́. Táímà ṣe pàtàkì ju bí ẹ ṣe rò lọ, torí ọwọ́ èèyàn máa ń gbàgbé. Bí iná yín bá ní ibi tí a ti ń dín in kù, ẹ dín in kù sí ìdajì. Ẹ wá gé páálí sí ìwọ̀n gíláàsì apá òsì, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn láti ìta. Oòrùn tó bá ń wọlé tààrà kì í ṣe ẹgbẹ́ LED rárá, táímà kò sì lè pa oòrùn.

Kí ẹ tó ṣe nǹkan mìíràn, ẹ wọn nitrate (ohun tí ìgbẹ́ ẹja ń dà nígbẹ̀yìn), phosphate àti pH (ìwọ̀n bí omi ṣe kan tó), ti inú táǹkì àti ti omi tí ẹ fi ń pààrọ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Asẹ́mi

Mo fara mọ́ Òṣíbàtà lórí iná. Ṣùgbọ́n irùngbọ̀n tó hù sí ẹnu fílítà yẹn, fílítà ni kí ẹ wò.

Ẹ kọ́kọ́ mọ iye omi yín gan-an. Ẹ wọn gíga omi láti orí yanrìn dé ojú omi, kì í ṣe gíga gíláàsì. Bó bá jẹ́ 36 cm, 80 × 35 × 36, kí ẹ fi 1,000 pín in, lítà 100 ni. Iye yìí lẹ máa fi wọn oògùn, ẹ kọ ọ́ síbì kan.

Ẹ wá gbé jọ́ọ̀gì lítà kan sí ẹnu fílítà níbi tí omi ń gbà jáde, kí ẹ ka ìṣẹ́jú àáyá tó fi kún. Ẹ fi iye yẹn pín 3,600, ẹ ti mọ lítà tó ń sẹ́ ní wákàtí kan. Ìṣẹ́jú àáyá 7 jẹ́ nǹkan bí 514. 15 jẹ́ 240. Táǹkì lítà 100 fẹ́ 400 sí 600. Ẹ má wo iye tí wọ́n kọ sára páálí fílítà, nígbà tí kànrìnkàn kò sí nínú rẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń wọ̀n ọ́n.

Bó bá ti lọ sílẹ̀, ẹ fọ̀ ọ́ báyìí. Ẹ yọ iná fílítà. Ẹ fa lítà 10 omi táǹkì sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì. Ẹ ti kànrìnkàn bọ inú rẹ̀, ẹ fún un nígbà mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Omi bọ́kẹ́ẹ̀tì á dúdú bí omi àgbo, ẹ má bẹ̀rù. Ẹ dà á nù, ẹ fi lítà 10 mìíràn ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ẹ dá a dúró níbẹ̀ bó tilẹ̀ kù díẹ̀ kó mọ́. Ẹ má lo omi ẹ̀rọ, ẹ má lo ọṣẹ: chlorine inú omi ẹ̀rọ á pa bakitéríà rere tó ń jẹ ammonia, májèlé tó ń ti inú ìgbẹ́ ẹja wá, ẹ ó sì wá ní wàhálà tó ju algae lọ. Lẹ́yìn náà ẹ ṣí ibi tí abẹ̀bẹ̀ fílítà wà, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tuntun yọ ìyọ̀rọ̀ tó yí i ká. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í dé, ibẹ̀ ló sì sábà máa ń mú kí omi falẹ̀.

ẸjaWẹ́wẹ́

Ẹ ṣeun gan-an. Ìdánwò spirit pọ́n lóòótọ́. Nitrate táǹkì 0, ti omi ẹ̀rọ náà 0. Phosphate táǹkì 2 mg/L. pH táǹkì 6.4, ti omi ẹ̀rọ 7.4. Jọ́ọ̀gì lítà kan kún ní ìṣẹ́jú àáyá 14. Nitrate 0, ṣé ìyẹn dára nìyẹn?

Òṣíbàtà

Ẹja ogún, oúnjẹ ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́, omi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí nitrate jẹ́ 0? Ó ṣòro. Ìgò kejì ló ń purọ́ fún yín.

Bó bá jẹ́ irú ìdánwò tí a ń kán oògùn sínú túùbù, ohun tó wà nínú ìgò kejì ti nitrate máa ń dì sísàlẹ̀. Bí ẹ kò bá gbọ̀n ọ́n dáadáa, omi lásán lẹ ń kán jáde. Ẹ fi ìdí ìgò náà gbá orí tábìlì, kí ẹ gbọ̀n ọ́n kíkankíkan fún ìṣẹ́jú àáyá 30. Lẹ́yìn tí ẹ bá kán an, ẹ gbọn túùbù náà fún ìṣẹ́jú kan gbáko, ẹ dúró ìṣẹ́jú márùn-ún kí ẹ tó kà á, lórí ìwé funfun, nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán. Bó bá pọ́n tó fi jẹ́ pé ojú kò lè pín 40 sí 80 mọ́, ẹ fi omi táǹkì ìdajì àti distilled water ìdajì ṣe é, kí ẹ sọ ohun tí ẹ bá rí di ìlọ́po méjì.

Nítorí pH yẹn, ẹ má tíì pààrọ̀ ìdajì omi o. 6.4 sí 7.4 jìnnà. Omi tó ti pẹ́ máa ń kan díẹ̀díẹ̀, torí bakitéríà tó ń sọ ammonia di nitrate ń jẹ ohun tó ń gbé pH ró. Ní 6.4, ammonia tó bá wà níbẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ pa ẹja. Bí ẹ bá dédé gbé pH sókè, ohun kan náà yẹn á di májèlé. Ẹ wọn ammonia pẹ̀lú.

ẸjaWẹ́wẹ́

Ìgò ni lóòótọ́! Pẹ̀lú distilled water ó jẹ́ 40, ìyẹn ni pé 80 ló wà nínú táǹkì. Ti omi ẹ̀rọ jẹ́ 5. Ammonia 0. Lẹ́yìn tí mo fọ fílítà, jọ́ọ̀gì kún ní ìṣẹ́jú àáyá 8.

Ìyá Edé

Ìṣẹ́jú àáyá 8 dára, 450 lẹ wà yẹn.

Bí ammonia ti jẹ́ 0, ẹ máa pààrọ̀ lítà 20 ní ọjọ́ méjì-méjì. Omi yín ní 5 nínú fúnra rẹ̀, nítorí náà ẹ kò lè lọ sábẹ́ ìyẹn. Láti 80: 65, 53, 43, 36, 30, 25. Ìgbà mẹ́fà ni, ọjọ́ mọ́kànlá. Lẹ́yìn náà, lítà 30 ní ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ má ṣe jẹ́ kó di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mọ́. Oògùn tó ń pa chlorine gbọ́dọ̀ wà nínú omi tuntun kó tó wọ táǹkì, kí ooru omi méjèèjì sì súnmọ́ra.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí kedere, torí wọ́n máa ń ṣì í gbọ́. Nitrate fúnra rẹ̀ kọ́ ló bí algae. Àwọn tó ní ewéko púpọ̀ máa ń fi ọwọ́ ara wọn bù ú sómi títí dé 20, gíláàsì wọn sì ń dán. Ohun tí 80 ń sọ ni pé ìgbẹ́ ẹja, oúnjẹ tó ṣẹ́kù àti ewé jíjẹrà ti pọ̀ níbẹ̀ ju ohun tí ẹ ń kó jáde lọ, ìyẹn sì ni irùngbọ̀n dúdú àti cyanobacteria fẹ́ràn. Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá ń fa omi, ẹ ki ẹnu rọ́bà wọ inú ìdọ̀tí orí yanrìn. Omi òkè nìkan kọ́ lẹ ń pààrọ̀.

Oúnjẹ lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́ tó fún neon, ìwọ̀n tí wọ́n lè jẹ tán láàárín ìṣẹ́jú méjì. Àjẹkù nìkan kò tó fún corydoras bí àwọn kan ṣe rò, ẹ ju èyí tó ń rì sílẹ̀ fún wọn lálẹ́ nígbà tí iná bá kú, kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò láàárọ̀ bóyá ó ṣẹ́kù. Inú oúnjẹ yẹn náà ni ọ̀pọ̀ phosphate 2 yẹn ti wá.

Ewéko yín kò tó, àwọn tó sì wà níbẹ̀ kò yára. Ẹ wá ojúoró mẹ́rin tàbí márùn-ún. Òun ló ń lékè omi: ewé rẹ̀ ń gba CO2 láti inú afẹ́fẹ́, ebi kì í pa á bíi ti àwọn tó wà nísàlẹ̀, gbòǹgbò rẹ̀ sì ń mu nitrate bí ẹni mu ẹ̀kọ. Ó tún ń ṣíji bo anubias. Bó bá ti bo ìdajì ojú omi, ẹ kó díẹ̀ dànù, torí ìgbà tí ẹ bá kó o jáde ni nitrate jáde. Ẹ sá a gbẹ kí ẹ tó dà á nù. Ẹ má jù ú sódò tàbí sínú kòtò àgbàrá, ó lè dí odò pa. Àwọn ibì kan wà tí òfin kò gbà kéèyàn ní in, ẹ yẹ ti ibi tí ẹ wà wò. Bí wọ́n bá kà á léèwọ̀, ewéko hornwort á ṣe irú iṣẹ́ kan náà.

Fún cyanobacteria: ẹ fi rọ́bà fa gbogbo awọ yẹn jáde ní odindi, ẹ má rú u ká. Ẹ yí ẹnu fílítà kí omi rẹ̀ gba iwájú kọjá, torí ibi tí omi ti dákẹ́ ló máa ń jókòó sí. Bó bá tún padà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ ṣú táǹkì náà: ẹ fà á mọ́, ẹ pa iná, ẹ fi aṣọ nípọn bò ó yíká fún ọjọ́ mẹ́ta, ẹ má yọjú wò ó, ẹ má fún wọn lóúnjẹ. Ẹ̀rọ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sómi gbọ́dọ̀ máa ṣiṣẹ́, torí ewéko kì í mú ọ́síjìn jáde nínú òkùnkùn, ńṣe ló ń bá ẹja pín in. Lọ́jọ́ kẹrin, ẹ fa òkú rẹ̀ jáde, ẹ pààrọ̀ omi dáadáa, kí ẹ sì wọn ammonia.

OmiDídán

Ẹ̀gbọ́n, gbogbo ìṣirò yìí ti pọ̀ jù. Ẹ ra ẹja pleco kan, á jẹ gbogbo ẹ̀ mọ́. Ti aró yẹn, ẹ ju erythromycin, oògùn tó ń pa bakitéríà, sí i, kíá ló ń kú.

Ìyá Edé

Àbúrò, pleco tí wọ́n ń tà ní kékeré yẹn lè ju 30 cm lọ bó bá dàgbà; táǹkì yìí 35 ní ìbú, níbo ló fẹ́ yí sí? Ìgbẹ́ rẹ̀ nìkan á dá nitrate padà sí 80. Kò sì ní fẹnu kan irùngbọ̀n dúdú, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹja tó ń jẹ cyanobacteria débi tó lè tán.

Erythromycin lè pa á lóòótọ́, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n ohun tó mú un wá ṣì jókòó síbẹ̀, èyí tó bá sì yè nínú wọn lè má gbọ́ oògùn yẹn mọ́. Mo fi í sí ìkẹyìn gbogbo rẹ̀.

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ olùrànlọ́wọ́, ìgbín nerite méjì tàbí mẹ́ta ló dára jù fún ara gíláàsì. Wọ́n á máa lẹ ẹyin funfun bí hóró yànmọ̀tí mọ́ igi. Kì í pa nínú omi tí kò níyọ̀, ṣùgbọ́n ó ń bíni nínú. Edé Amano náà dára, kìkì pé ẹ kò gbọ́dọ̀ fi í síbẹ̀ kí nitrate tó wálẹ̀.

Asẹ́mi

Ó ku irùngbọ̀n. Ewé anubias tó bá ti bò ju ìdajì lọ, ẹ gé e láti ìdí, kò ní sunwọ̀n mọ́. Fún ìyókù, hydrogen peroxide 3%. Ìwọ̀n tí ẹ kò gbọ́dọ̀ kọjá lọ́jọ́ kan ni 1 ml fún lítà 4, ìyẹn 25 ml fún lítà 100 yín. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 15.

Ẹ pa fílítà, kí ẹ dúró títí omi á fi dákẹ́. Ẹ fa 5 ml sínú sírínjì tí kò ní abẹ́rẹ́, ẹ gbé ẹnu rẹ̀ súnmọ́ ìdí irùngbọ̀n náà, kí ẹ máa tẹ̀ ẹ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ kíákíá á fọ́n ká, kò ní pa nǹkan kan. Láìpẹ́ ẹ ó rí i tí fóòmù wẹ́wẹ́ á bo irun dúdú yẹn, tí á máa gòkè bí ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 5 sí 10, kí ẹ tan fílítà padà. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ á di pupa, lẹ́yìn náà á funfun. Funfun ti kú. Ẹ sinmi ọjọ́ kan kí ẹ tó mú apá mìíràn. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ súnmọ́ vallisneria, kò fara dà á. Ìgò peroxide tó ti pẹ́ ní ṣíṣí á ti di omi lásán. Bí kò bá hó, ẹ ra tuntun.

Carbon olómi tí wọ́n ń tà fún irú iṣẹ́ yìí, glutaraldehyde ló sábà máa ń wà nínú rẹ̀. Ó ń pa irùngbọ̀n, ó sì ń yọ́ vallisneria. Bí ẹ bá fẹ́ lò ó, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ má sì lò ó lọ́jọ́ kan náà pẹ̀lú peroxide.

Ẹnu fílítà fúnra rẹ̀, ẹ tú u sílẹ̀, ẹ rẹ ẹ́ fún ìṣẹ́jú 10 sínú bílíìṣì tí kò lóòórùn, ife kan sí ife omi 19. Rọ́bà líle yẹn nìkan o, kànrìnkàn kò gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀. Ẹ ṣan án, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi tó ní oògùn apachlorine ní ìlọ́po méjì, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ. Ẹ má da bílíìṣì pọ̀ mọ́ fínígà tàbí peroxide láé, ó léwu.

ẸjaWẹ́wẹ́

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin àgbà. Ṣé mo lè bẹ̀rẹ̀ gbogbo rẹ̀ ní Sátidé yìí?

Òṣíbàtà

Rárá. Iná, páálí, oúnjẹ àti omi lítà 20 àkọ́kọ́ ní Sátidé. Fífa awọ yẹn jáde kún un. Ojúoró bí ẹ bá ti rí i. Peroxide kó dúró di ìgbà tí nitrate bá ti dé nǹkan bí 40, kí ẹja má baà ru ẹrù méjì lẹ́ẹ̀kan. Ẹ ha green spot kúrò lára gíláàsì pẹ̀lú bíléèdì tí ẹ gbé ní dẹ̀gbẹ́dẹ̀gbẹ́, kí ẹ ṣọ́ yanrìn tó lè wọ abẹ́ rẹ̀, òun ló máa ń fa gíláàsì ya.

Ẹ má wo ewé àtijọ́ láti mọ̀ bóyá ó ń ṣiṣẹ́, ohun tó ti bà á jẹ́ ti bà á jẹ́. Anubias náà máa ń lọ́ra jù, ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó yọ ewé kan. Vallisneria ni kí ẹ máa wò: ẹ so òwú pupa mọ́ ewé tuntun kan lónìí, kí ẹ máa ya fọ́tò rẹ̀ ní Sátidé-Sátidé. Bí ewé tó yọ lẹ́yìn rẹ̀ bá mọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ẹ fi ìṣẹ́jú 30 kún iná. Bí tóótòòtó bá tún yọ, ẹ yọ 30 yẹn padà, ibẹ̀ ni agbára táǹkì yín mọ.